Géètì tó mọ owó gbà, tí ò mọ iye ẹni tó wọlé

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Èmi kì í kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn, kíkà ni mo máa ń kà á nínú mọ́tò tí mo bá ń dúró de èrò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò afẹ́ yìí ti pẹ́ nínú mi débi pé ìyàwó mi ní kí n lọ kọ ọ́ síbì kan kí òun lè rójú sùn. Drẹ́bà ṣátà ni mí ní Abẹ́òkúta níbí, Láderin ni mo máa ń jókòó sí, níwájú stéṣọ̀n rélùwéè tí wọ́n sọ ní orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká yẹn. Láti ọdún 2021 tí wọ́n ti ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn ni mo ti kúrò ní gáréèjì, torí ẹ mọ bí ọ̀nà Ṣàngó Ọ̀tà wá sí Abẹ́òkúta ṣe rí, ẹni tó bá fẹ́ràn ẹ̀yìn ara ẹ̀, inú rélùwéè ló ń jókòó sí. Àwọn tó bá sọ̀ ní wíkẹ́ńdì ni mò ń gbé. A ó lọ sí Olúmọ, a ó gba Ìtòkú kí wọ́n lè ra adìrẹ, tí owó bá ṣì wà lọ́wọ́ wọn a ó yà sí láíbìrérì Bàbá Ọbásanjọ́ lọ wo ẹranko, lẹ́yìn náà ọ̀fadà, màá wá dá wọn padà sí stéṣọ̀n. Ohun tí mo mọ̀ nípa ìrìn-àjò afẹ́ ò ju ìyẹn lọ, ìdí stíárì ni mo ti mọ̀ ọ́n.

Kò sí ìjọba tó máa wọlé tí kò ní sọ pé epo rọ̀bì ò lè gbé wa débì kan mọ́, ìrìn-àjò afẹ́ ló kù. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n á wá, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n á wọ adìrẹ lọ́jọ́ yẹn, fọ́tò wọn á jáde nínú ìwé ìròyìn. Mi ò bá ríbọ́ọ̀nù jà o, ẹni tó kọ́lé tán ó yẹ kó ṣílé. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọ̀rọ̀ tèmi. Ta ló máa gbá ibẹ̀? Ta ló máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀? Owó tí wọ́n gbà lẹ́nu géètì lánàá, ibo ló sùn?

Ẹ jẹ́ n sọ èyí tójú mi rí. Kì í ṣe Abẹ́òkúta, ìpínlẹ̀ mìíràn ni, mi ò sì ní dárúkọ ibẹ̀ torí àwọn ìyá tó ń tajà níbẹ̀ ò ṣẹ̀ mí. Ọkùnrin kan gbà mí fún ọjọ́ mẹ́ta, Kánádà ló ń gbé, ó kó ìyàwó àti ọmọ méjì wá sílé, àwọn ọmọ tó jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ nìkan ni Yorùbá tí wọ́n gbọ́, wọ́n á kí mi ní ẹ káàárọ̀ láàárọ̀, wọ́n á kí mi ní ẹ káàárọ̀ lálẹ́, mo sì ń dáhùn. Ìyá ẹ̀ náà wà pẹ̀lú wa, mama tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọjọ́ kìíní la wà ní Abẹ́òkúta, gbogbo ẹ̀ lọ déédéé. Ọjọ́ kejì la lọ síbi tí mò ń sọ yìí, ọjọ́ kẹta ló yẹ ká wà ní Òṣogbo.

Ká tó débẹ̀ rárá, àwọn ọ̀dọ́ kan ti gbé igi dábùú ọ̀nà, wọ́n ní owó àdúgbò, ẹgbẹ̀rún méjì. Kò sí rìsíìtì. A dé géètì, a sanwó, wọ́n fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn dáa. A rìn wọlé díẹ̀, ẹnì kan yọ lẹ́yìn igi, ó ní owó kámẹ́rà ńkọ́, ọkùnrin yẹn ní òun ò mú kámẹ́rà, fóònù lòun mú dání, ó ní fóònù ọ̀hún kò ní kámẹ́rà nínú ni? Kámẹ́rà wà nínú ẹ̀ lóòótọ́, wọ́n san. Ẹlòmíì ní òun ni gáìdì, kò wọ aṣọ iṣẹ́, kò so káàdì mọ́rùn, ó ṣáà ń tẹ̀ lé wa, ìtàn tó sì ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn nípa ibẹ̀, irọ́ ni, mo mọ̀ torí èyí tó sọ fún èrò tí mo gbé wá lọ́dún tó ṣáájú yàtọ̀ pátápátá.

Mama wá fẹ́ lo tọ́lẹ́ẹ̀tì. Tọ́lẹ́ẹ̀tì wà o, ilé gidi, táìlì lára ògiri, orúkọ olóṣèlú tó kọ́ ọ wà níbẹ̀ gàdàgbà. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ ti lọ síbi òkú. Mama tó wọ ìró àti bùbá tó dáa, tó ti múra láti Èkó torí àwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀, ẹ̀yìn pápá ló lọ, ìyàwó ọmọ ẹ̀ ń fi ìborùn ṣíji bò ó. Mo kọjú sí mọ́tò mi bí ẹni tó ń wo táyà.

Nígbà tí à ń jáde, ọkùnrin tó wà ní géètì nawọ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá tíkẹ́ẹ̀tì yẹn padà, a ò ní púpọ̀ nílẹ̀ mọ́. Èmi gọ̀, mo gbà á lọ́wọ́ wọn mo kó o fún un. A ti dé ojú títì kí ọkùnrin ará Kánádà yẹn tó bú sẹ́rìn-ín, oníṣirò owó ni níbi iṣẹ́ ẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní, Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ mọ̀ pé a ò wá síbí lónìí? Mo ní báwo? Ó ní tíkẹ́ẹ̀tì tiwa ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíì báyìí, tí wọ́n bá ṣírò lálẹ́ àwọn yẹn ló wọlé, àwa ò débẹ̀ rárá.

Wọn ò lọ sí Òṣogbo mọ́, mama ló ní òun fẹ́ padà sílé. Owó ọjọ́ kẹta mi lọ bẹ́ẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n fẹ́ sùn pàdánù yàrá méjì. Ìyá oníyán tí mo ti pè lórí fóònù pé kó fi ẹran ìgbẹ́ pamọ́ dè wá, mi ò gbé ìpè ẹ̀ fún ọjọ́ méjì torí ìtìjú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí àgbà nínú àwọn ọmọ yẹn ti kọ ọ́ sórí Google, ìràwọ̀ kan, pẹ̀lú fọ́tò àgádágodo.

Lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé igi sójú ọ̀nà ni mo bú jù. Ìgbà tí mo wá ń ronú lẹ́yìn náà ni mo rántí pé mo mọ ọ̀kan nínú wọn, bàbá ẹ̀ ló ní oko tó wà létí ibẹ̀ kí ìjọba tó gbà á. Ìgbà tí wọ́n ń gba òṣìṣẹ́ síbẹ̀, olú ìlú ìpínlẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn wá. Owó géètì, olú ìlú náà ló ń lọ. Ọmọ yẹn ò rí nǹkan kan nínú ẹ̀ ju eruku mọ́tò wa lọ, òun náà bá ṣe géètì tiẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra ẹ̀ ni yóò ru igbá ẹ̀ délé, igbá ọ̀hún ló sì wà lórí ìjọba yẹn, tí wọ́n ń bi ara wọn pé kí ló dé tí èrò ò wá mọ́.

Ọmọ mi tó wà ní yunifásítì ló fi ti Rwanda hàn mí. Ìnàkí ni àlejò ń lọ wò lórí òkè níbẹ̀, àwọn ìnàkí ńlá tí òyìnbó ń pè ní gorilla. Láti ọdún 2017, $1,500 ni àlejò kan ń san kó tó lè rí wọn, $750 ni tẹ́lẹ̀, wákàtí kan péré sì ni wọ́n fi ń wò wọ́n, èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n ń mú lọ bá agbo kan lójúmọ́, tó bá ti pé mẹ́jọ ó ti pé. Mo pariwo owó yẹn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i. Ibi tó wá mú mi lọ́kàn nìyí o: nínú owó tó bá wọlé láti inú igbó ọba wọn, mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé tó yí igbó ká, wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwé, wọ́n fi ń kọ́ ilé ìwòsàn, wọ́n fi ń fa omi. Márùn-ún ni tẹ́lẹ̀, ọdún 2017 tí wọ́n fowó lé owó yẹn náà ni wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá. Àwọn kan tó jẹ́ pé páńpẹ́ ni wọ́n ń dẹ nínú igbó yẹn tẹ́lẹ̀, àwọn ló ń bá àlejò ru báàgì báyìí. Wọ́n sì mọ iye ìnàkí o! Kíkà tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2019 ní 1,063 ni irú wọn tó wà láyé, ti Rwanda, ti Uganda àti ti Congo papọ̀. Èèyàn ka ìnàkí nínú igbó dídí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwa ò lè ka ẹni tó fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé tó tún sanwó.

Ẹ má gbọ́ mi lódì, mi ò ní kẹ́ ẹ lọ gba $1,500 ní Olúmọ. Ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú àwọn tí mo máa ń bá níbẹ̀, tí tíṣà kó wá nínú bọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá fi owó lé wọn sẹ́yìn, ibo ni wọ́n á ti fọwọ́ kan ibi tí àwọn baba wa forí pamọ́ sí nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé lọ́dún 1830? Kò yẹ kó jẹ́ inú ìwé nìkan.

Ẹni tó bá sì rò pé kí èrò ṣáà ti pọ̀ ni, kó lọ bi àwọn tó ti pọ̀ fún. Thailand ti etíkun kan pa lọ́dún 2018, Maya Bay lorúkọ ẹ̀, torí ọkọ̀ ojú omi àti ẹsẹ̀ èèyàn ti ba iyùn inú òkun jẹ́, 2022 ni wọ́n tó ṣí i padà. Philippines náà ti erékùṣù Boracay pa fún oṣù mẹ́fà lọ́dún 2018 kan náà, ìdọ̀tí ló ń ṣàn látinú hòtẹ́ẹ̀lì lọ sínú òkun. Venice ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò márùn-ún lọ́dún 2024 lọ́wọ́ ẹni tó bá wá wo ìlú lóòjọ́ tí kò sùn síbẹ̀. Àwọn yẹn ń gbowó kí èrò lè dín. Tiwa, a ń gbowó, èrò sì ń dín, a ò mọ̀ pé ó ń dín torí a ò kà á.

Ta ló tiẹ̀ ni ìrìn-àjò afẹ́ yìí gan-an? Lọ́dún 1976 wọ́n dá bọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́, lọ́dún 1992 wọ́n sọ ọ́ di kọpọréṣọ̀n, ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó wá gbé ara wọn dé kóòtù tó ga jù lọ, lọ́dún 2013 ni kóòtù ní ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí hòtẹ́ẹ̀lì àti ibùdó ìgbafẹ́ tó wà nílẹ̀ ẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu dá iléeṣẹ́ mínísírì sílẹ̀ fún ìrìn-àjò afẹ́ nìkan, oṣù kẹwàá ọdún 2024 wọ́n tún dà á pọ̀ mọ́ ti àṣà àti iṣẹ́ ọnà. Ọdún kan àti oṣù méjì. Ọ̀dà ara pátákó wọn ò tíì gbẹ tán tí wọ́n ti ń kun òmíràn.

Kì í tiẹ̀ ṣe orúkọ iléeṣẹ́ mínísírì ló ń dùn mí. Ẹ wo Òṣogbo tí àwọn ará Kánádà yẹn ò dé mọ́. Igbó Ọ̀ṣun wà nínú ìwé UNESCO láti ọdún 2005, àlejò ń ti Brazil wá síbẹ̀ lóṣù kẹjọ. Àmọ́ àwọn tó ń wa góòlù lókè odò lápá Ìjẹ̀ṣà ti da omi yẹn láàmú, ó pọ́n bí ẹrọ̀fọ̀, nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022 ìjọba kìlọ̀ fáwọn èèyàn kí wọ́n má mu ún. Ẹni tó la òkun kọjá torí omi Ọ̀ṣun, tí wọ́n wá ní kó má mu omi! Ọ̀gá tó wà nídìí ìrìn-àjò afẹ́ ò lè lé awakùsà, Àbújá ló ni àṣẹ ohun abẹ́ ilẹ̀. Kò lè tún títì ṣe. Kò lè fún ẹni tó ń wá láti òkè òkun ní físà. Bí ẹni tí wọ́n ní kó gbàlejò nínú ilé tó jẹ́ pé ẹbí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan ló rí, tí òun sì dúró ní pálọ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ẹ jẹ́ n padà sílé. Ìyàwó mi ń ta adìrẹ ní Ìtòkú, ọwọ́ ìyá ẹ̀ ló ti jogún ẹ̀, ìyẹn pa aró fúnra ẹ̀ títí ọwọ́ ẹ̀ fi dúdú dé ìgbọ̀nwọ́. Àlejò tí mo bá gbé dé ọ̀dọ̀ wọn, adìrẹ Abẹ́òkúta ló fẹ́ rà. Àwọn aṣọ kan ti wà lọ́jà báyìí tó jẹ́ pé máṣíìnì ló tẹ̀ ẹ́ ní Ṣáínà, wọ́n wo bátànì tiwa wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀rún lẹ́gbẹ̀rún, wọ́n ń tà á ní pọ́ọ́kú. Ẹ jẹ́ n kọ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́ bí ìyàwó mi ṣe kọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá mú un, ẹ yí i padà kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èyí tí wọ́n rì sínú aró, àwọ̀ á wọlé dé ẹ̀yìn, iwájú àti ẹ̀yìn ò ní fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, èyí tí máṣíìnì tẹ̀, àwọ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ ò ní tó ti iwájú. Ẹ wo ìlà ẹ̀ náà. Ẹni tó fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ sára aṣọ, ọwọ́ ẹ̀ á gbọ̀n níbì kan, ìlà kan á sanra ju ìkejì lọ. Oníko, ibi tí wọ́n ti di ìko mọ́ ò lè rí bákan náà lẹ́ẹ̀mejì láyé. Kàmpálà tí wọ́n fi àbẹ́là yíyọ́ ṣe náà, ọwọ́ èèyàn ló ṣe é, tiwa ni. Ti máṣíìnì, gbogbo ẹ̀ dọ́gba rẹ́gírẹ́gí. Àlejò tó bá ra ìyẹn tó rò pé adìrẹ lòun rà, owó ẹ̀ ti sùn sí Ṣáínà kí rélùwéè ẹ̀ tó padà dé Èkó, ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ dúdú ò sì rí nǹkan kan. Èmi ò tíì rí ibùdó ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àlejò, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Ó dùn mí láti sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ọmọ Lísàbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí Ìjẹ̀bú mọ̀ pé ẹnu Ẹ̀gbá ló ti jáde, àmọ́ Ìjẹ̀bú mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kẹta Iléyá tí wọ́n bá ń ṣe Ojúde Ọba, regbérégbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọ bá ara wọn mu, á dá aṣọ tiẹ̀, àwọn ìdílé ológun á gun ẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, lọ́dún 2024 fọ́tò ọkùnrin kan lórí ẹṣin, Farooq Oreagba, dé ibi gbogbo láyé. Télọ̀ ò sùn, onígèlè ò ráyè, oníhòtẹ́ẹ̀lì ò ní yàrá, olùyafọ́tò àti ẹni tó ń tọ́jú ẹṣin ń rówó, owó yẹn Ìjẹ̀bú-Òde ló sì sùn. Àwọn regbérégbé ò dúró de mínísírì kankan, àwọn ni wọ́n ni í, wọ́n mọ̀ pé àwọn ni wọ́n ni í. Àwa ńkọ́? Àjọ̀dún ìwé àti iṣẹ́ ọnà tó ń jẹ́ orúkọ Aké wa, tó bẹ̀rẹ̀ níbí lọ́dún 2013, Èkó ló kó lọ lọ́dún 2018. Mo máa ń gbé àwọn òǹkọ̀wé yẹn nígbà náà, wọ́n máa ń jiyàn nínú mọ́tò bí ẹni tó fẹ́ jà, wọ́n sì máa ń sanwó dáadáa. Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn pàápàá, Abẹ́òkúta ni gbòǹgbò yín, 1859 ni Townsend, òyìnbó ajíhìnrere, tẹ Ìwé Ìròyìn jáde níbí, àlejò méjì péré ló tíì ní kí n mú òun lọ síbi tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ara Jámánì sì ni ọ̀kan nínú wọn.

Drẹ́bà ẹlẹgbẹ́ mi kan ní gbogbo èyí tí mò ń wí, ọ̀rọ̀ àsọdànù ni, ó ní ààbò ni ìṣòro, ta ló fẹ́ kí wọ́n gbé òun wọ igbó torí pé òun lọ wo òkè? Mi ò bá a jiyàn, ẹni tó ń bẹ̀rù ò ní wá. Mo kàn bi í pé tí àjèjì tí a ò mọ̀ bá wọ inú igbó létí ibùdó ìgbafẹ́, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Òṣìṣẹ́ tó ń ti olú ìlú wá láago mẹ́wàá ni, àbí àwọn ọmọ tó gbé igi sójú ọ̀nà yẹn? Ó ní òun ò ronú débẹ̀.

Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún ò gba owó ńlá. Tíkẹ́ẹ̀tì tó ní nọ́ńbà, kí wọ́n ya á sí méjì lójú ẹni tó rà á, ilé sinimá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí n tó gbọ́njú. Kí wọ́n gbé pátákó kan sẹ́nu géètì, kí wọ́n máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ síbẹ̀ lóṣooṣù: iye èèyàn tó wọlé, iye owó, èyí tó lọ sí olú ìlú, èyí tó dúró síbí àti nǹkan tí wọ́n fi ṣe. Tí wọ́n bá fi mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ bíi ti Rwanda, a dúpẹ́. Ọmọ tí wọ́n gba oko bàbá ẹ̀ yẹn, kí wọ́n fún un ní aṣọ iṣẹ́ àti owó oṣù kó máa mú àlejò yíká, ìtàn tiẹ̀ ò ní máa yí lọ́dọọdún. Wọ́n á ní àwọn ti fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo ti gbọ́, ó dáa, àmọ́ ọ̀pọ̀ òkè tí mo máa ń gbé èèyàn lọ ò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ṣọ́ọ̀kì ò sì bèèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Kí ẹni tó bá mú kọ́kọ́rọ́ tọ́lẹ́ẹ̀tì sì fi í sílẹ̀ tó bá fẹ́ lọ síbi òkú.

Mo fẹ́ dánu dúró níbí, Sátidé ni mò ń kọ ọ́, rélùwéè àárọ̀ ti fẹ́ dé, mo ní èrò mẹ́rin tí wọ́n ti pè mí láti Èkó. Ìyá kan wà nínú wọn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí lórí fóònù ni pé, drẹ́bà, ṣé tọ́lẹ́ẹ̀tì wà níbi tí à ń lọ? Mo ní ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ lo ti stéṣọ̀n kẹ́ ẹ tó wọ mọ́tò.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Drẹ́bà ṣátà kan, Láderin, Abẹ́òkúta